Omi kànga wa ní Gúúsù Kwara: kí bọ́hòlù tó dé, kí ni à ń ṣe nínú ilé?

Sí Olóòtú,

Mo kí yín, mo sì kí ẹ̀yin òǹkàwé gbogbo. Ọ̀rọ̀ omi ni mo bá wá, pàápàá omi kànga tí àwọn ará abúlé wa ń mu ní ilẹ̀ Ìgbómìnà, ní Ìbọ̀lọ́ àti ní àwọn abúlé tó yí Ìlọrin ká. Iṣẹ́ wòléwòlé ni mo ṣe kí n tó fẹ̀yìn tì, ojú mi sì ti rí kànga tó pọ̀. Ohun tó mú mi gbé kálàmù ni pé ìgbàkígbà tí àwọn olóṣèlú bá wá tọrọ ìbò, bọ́hòlù ni wọ́n máa ń ṣèlérí. Bí àwọn ará abúlé náà bá sì fẹ́ kọ̀wé ẹ̀bẹ̀ sí ìjọba, bọ́hòlù náà ni wọ́n máa ń tọrọ. N kò bá ẹnikẹ́ni jà lórí ìyẹn. Ṣùgbọ́n láàárín ọjọ́ tí wọ́n ṣèlérí àti ọjọ́ tí omi yóò jáde, àti láàárín ọjọ́ tí ẹ̀rọ bàjẹ́ àti ọjọ́ tí ẹni tí yóò tún un ṣe yóò dé, omi kan wà tí àwọn ènìyàn ń mu lójoojúmọ́, kò sì sí ẹni tó ń kọ́ wọn ní ohun tí wọn yóò ṣe sí i kí wọ́n tó gbé e sẹ́nu. Èrò mi ni pé ó yẹ kí ìtọ́jú omi nínú ilé, pẹ̀lú ohun tí owó tálákà ká, jẹ́ ara iṣẹ́ ètò ìlera alábọ́ọ́dé ní gbogbo ìjọba ìbílẹ̀ wa. Mo sì gbà pé èyí tó dára jù nínú ohun èlò rẹ̀, àwọn amọ̀kòkò Ìlọrin lè mọ ọ́n fún wa.

Orí àpáta ni ilẹ̀ wa ní Gúúsù Kwara jókòó lé. Omi tí kànga aláfọwọ́gbẹ́ ń rí, inú erùpẹ̀ àti òkúta jíjẹrà tó wà lókè àpáta yìí ló ń gbé, kò sì jìn sílẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi máa ń gbẹ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, òun náà ló sì fà á tí ohun tí a bá dà sílẹ̀ lókè kì í fi í pẹ́ dé ibẹ̀. Ìlànà tí a máa ń tẹ̀ lé lẹ́nu iṣẹ́ ni pé kí ṣáláńgá jìnnà sí kànga tó 30 mítà, kí ó sì wà ní ìsàlẹ̀ ìdagẹ̀rẹ̀, kì í ṣe lókè rẹ̀. Ẹ wọ agboolé àtijọ́ èyíkéyìí kí ẹ wo bí ilẹ̀ ibẹ̀ ṣe fẹ̀ tó. Ẹ̀gbọ́n gbẹ́ ṣáláńgá sẹ́yìn yàrá, àbúrò gbẹ́ kànga sẹ́yìn tirẹ̀, ògiri kan péré ló là wọ́n láàárín. Nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ bá rọ̀, tí ẹ bá yọjú sínú kànga tí wọn kò mọ ẹnu rẹ̀ sókè, ẹ óò rí i pé omi náà ti pọ́n, ìfófòó wà lójú rẹ̀, koríko àti ìgbẹ́ ewúrẹ́ ń léfòó lórí rẹ̀. Bí òjò kò tilẹ̀ rọ̀, okùn ìfami ń ṣe tirẹ̀: ẹni tó fa omi tán yóò ju korobá àti okùn sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbi tí adìyẹ ń jẹ̀, ẹni tó kàn yóò gbé e, yóò sì jù ú padà sínú omi bẹ́ẹ̀. A kò tíì gbàgbé ọdún 2017, nígbà tí àrùn onígbáméjì bẹ̀rẹ̀ ní oṣù karùn-ún ní Ìlọrin àti agbègbè rẹ̀. Kí oṣù kẹfà tó parí, iye àwọn tí wọ́n fura sí pé ó mú ti lé ní 1,500 ní ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó wà ní Ìlọrin, ní Àṣà àti ní Mórò. Onígbáméjì ló máa ń gbé wa dé inú ìròyìn. Taifọ́ọ̀dù àti ìgbẹ́ gbuuru tó ń bá àwọn ọmọ ọwọ́ fínra láti ọdún dé ọdún kì í dé ibẹ̀.

Ohun tó ń tan àwọn ènìyàn wa jẹ jù ni ojú omi. Bí omi bá dúdú, wọn yóò ju álọ́ọ̀mù sí i, wọn yóò rò ó pọ̀, ẹrẹ̀ yóò rọ sísàlẹ̀, òkè rẹ̀ yóò mọ́ gaara, wọn yóò sì bù ú mu. Álọ́ọ̀mù ń ṣe iṣẹ́ tirẹ̀ o, nítorí ó ń mú kí ẹrẹ̀ dìpọ̀ kó sì lọ sísàlẹ̀, púpọ̀ nínú kòkòrò àìfojúrí á sì bá ẹrẹ̀ náà lọ. Ṣùgbọ́n kò pa wọ́n, kò sì kó gbogbo wọn lọ. Bákan náà ni èso móríńgà tí ọ̀pọ̀ nínú wa gbìn sí ẹ̀gbẹ́ ilé nítorí ewé rẹ̀: bí a bá lọ èso rẹ̀ gbígbẹ kúnná, èso kan tàbí méjì sí lítà kan, tí a rò ó pọ̀ mọ́ omi ẹlẹ́rẹ̀, tí a fi sílẹ̀ fún wákàtí kan tàbí méjì, omi náà yóò tòrò gẹ́gẹ́ bí ti álọ́ọ̀mù. Àwọn obìnrin ilẹ̀ Sudan ti ń fi í tọ́jú omi odò Náílì ọjọ́ ti pẹ́. Ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́ nìyẹn, ó sì wúlò gan-an, àmọ́ omi móríńgà kò yẹ kó sùn di ọjọ́ kejì, nítorí pé ohun tó kù nínú rẹ̀ láti ara èso náà máa ń mú kó yí adùn padà.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ojú omi ṣe lè tan odidi orílẹ̀-èdè jẹ, kó wo Bangladesh. Láti àwọn ọdún 1970 ni ìjọba wọn àti àjọ UNICEF ti ń ri kànga ẹ̀rọ káàkiri àwọn abúlé, nítorí pé omi adágún tí àwọn ènìyàn ń mu ń pa ọmọdé. Omi tuntun náà mọ́, ó tutù, kò ní òórùn. Ní ọdún 1993 ni wọ́n rí i pé májèlé kan tí wọ́n ń pè ní àsẹ́níìkì wà nínú rẹ̀, láti inú ilẹ̀ fúnra rẹ̀, tí ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù ènìyàn sì ti ń mu ún. Ọmọ ilẹ̀ wọn kan, Abul Hussam, tó jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì George Mason ní Amẹ́ríkà, ló ṣe asẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní Sono láti fi yọ ọ́. Korobá méjì ni, iyanrìn, irin tí wọ́n ṣe ní àkànṣe, èédú àti bíríkì fífọ́ ló wà nínú wọn. Ní ọdún 2007, wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Grainger, mílíọ̀nù kan dọ́là, lórí rẹ̀. N kò sọ pé àsẹ́níìkì ni ìṣòro tiwa. Ohun tí mo rí kọ́ níbẹ̀ ni pé bọ́hòlù fúnra rẹ̀ kò mú àyẹ̀wò kúrò, àti pé inú ilé, lórí tábìlì ìdáná, ni wọ́n ti wá ojútùú sí ohun tí ẹ̀rọ ńlá kó wọn sí.

Sísè ni gbogbo wa mọ̀, kò sì sí kòkòrò àrùn inú omi tó lè fara da á. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé omi gbọ́dọ̀ hó fún ààbọ̀ wákàtí, igi àti èédú sì ń tán lórí èyí. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Bí omi bá ti hó dáadáa fún ìṣẹ́jú kan, ó tó. Kí wọ́n bò ó, kí ó tutù nínú ìkòkò tí wọ́n fi sè é. Ṣùgbọ́n iye tí èédú jẹ́ lọ́jà báyìí, n kò lè sọ fún ìyá ọlọ́mọ márùn-ún pé kí ó máa se gbogbo omi tí ilé rẹ̀ ń mu. Omi ọmọ ọwọ́ àti ti aláìsàn ni kí ó máa sè.

Èyí tí owó rẹ̀ kéré jù ni bílíìṣì, èyí tí a fi ń fọ aṣọ funfun, tó wà nínú ọ̀rá àti nínú ike ní gbogbo ọjà wa. Ẹ̀rù máa ń ba àwọn ènìyàn láti gbọ́ pé kí wọ́n kán ohun ìfọṣọ sí omi mímu, ó sì yẹ kí ẹ̀rù díẹ̀ bà wọ́n, nítorí pé ìwọ̀n ni gbogbo rẹ̀. Kí wọ́n ka ara ike. Bí ó bá sọ pé agbára rẹ̀ jẹ́ 3.5 nínú ọgọ́rùn-ún, ààbọ̀ ṣíbí tíì kékeré, ìyẹn mílílítà 2.5, ti tó fún kẹ́ẹ̀gì oní-lítà 25 tí a ti sẹ́ tó sì mọ́. Kì í ṣe ìdérí ike, kì í ṣe fífojú bù. Bí wọ́n bá dà á sí i, kí wọ́n mi kẹ́ẹ̀gì náà dáadáa, kí wọ́n dé e, kí wọ́n sì fi í sílẹ̀ fún 30 ìṣẹ́jú kí ẹnikẹ́ni tó mu ún. Ó yẹ kí òórùn bílíìṣì fẹ́ẹ́rẹ́ kù nínú rẹ̀. Òórùn yẹn ló ń fi hàn pé ohun tí yóò máa ṣọ́ omi náà ṣì wà níbẹ̀. Èyí tí wọ́n fi lọ́fínńdà tàbí ọṣẹ sí kò ṣeé lò. Èyí tó ti pẹ́ nílé, tàbí tí oòrùn ti pa lórí àtẹ, agbára rẹ̀ ti lọ. Bí omi bá sì ní ẹrẹ̀, ẹrẹ̀ yóò jẹ bílíìṣì náà tán kí ó tó kan kòkòrò, ìdí rẹ̀ nìyẹn tí mo fi ní kí wọ́n kọ́kọ́ fi aṣọ funfun tó nípọn, tí a ká sí ìṣẹ́po mẹ́rin, sẹ́ ẹ.

Mo fẹ́ fi kún un pé bílíìṣì tí a máa ń dà sínú kànga fúnra rẹ̀ nígbà tí àrùn bá bẹ́ sílẹ̀ kì í pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́. Omi tuntun ń wọlé láti abẹ́ ilẹ̀, korobá ìdọ̀tí ń wọlé láti òkè, láàárín ọjọ́ díẹ̀ gbogbo rẹ̀ ti tán. Síbẹ̀, wọn yóò ya fọ́tò nígbà tí wọ́n ń dà á, wọn kì í sì í padà wá.

Fún àwọn tí kò ní owó ọ̀rá bílíìṣì pàápàá, oòrùn wà. Aftim Acra ní ilẹ̀ Lebanon ló kọ́kọ́ fi èyí hàn ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, àwọn onímọ̀ ilẹ̀ Switzerland sì gbé e káàkiri àgbáyé lẹ́yìn náà. Ike ọtí ẹlẹ́rìndòdò tó mọ́ gaara, tí kò ju lítà méjì lọ, ni kí wọ́n rọ omi sí, kí wọ́n sì tẹ́ ẹ sórí páànù fún wákàtí mẹ́fà nínú oòrùn líle. Bí ojú ọ̀run bá ṣú, ọjọ́ méjì ni, mo sì gba àwọn ènìyàn nímọ̀ràn pé kí wọ́n ka ọyẹ́ mọ́ ojú ọ̀run tó ṣú, nítorí eruku rẹ̀. Ike aláwọ̀ ewé kò dára fún un. Omi tí a kò bá lè rí àkọlé ìwé ìròyìn láti òdìkejì ike náà dúdú jù, kí wọ́n kọ́kọ́ sẹ́ ẹ.

Nísinsìnyí, mo dé ibi ìkòkò. Ní ọdún 1981, ní orílẹ̀-èdè Guatemala, ọ̀gbẹ́ni Fernando Mazariegos ṣe ìkòkò amọ̀ kan tó ń sẹ́ omi. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyí: wọn yóò gún amọ̀ gbígbẹ, wọn yóò kù ú, wọn yóò pò ó mọ́ lẹ́búlẹ́bú pákó tàbí èèpo ìrẹsì tí wọ́n kù bákan náà, wọn yóò fi ẹ̀rọ tẹ̀ ẹ́ sínú àpẹrẹ kó lè rí bákan náà nígbà gbogbo, wọn yóò sì sun ún. Bí iná bá ti mú un, lẹ́búlẹ́bú pákó yóò jó tán, yóò sì fi ihò tíntìntín sílẹ̀, tó kéré débi pé omi lè kọjá ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú kòkòrò àrùn kò lè kọjá. Wọn yóò fi omi fàdákà kùn ún, nítorí fàdákà kì í jẹ́ kí kòkòrò gbilẹ̀ lára rẹ̀. Ìkòkò náà yóò wá jókòó sínú ike ńlá tó ní ẹnu ẹ̀rọ nísàlẹ̀, omi yóò máa kán sínú rẹ̀, nǹkan bíi lítà kan sí mẹ́ta láàárín wákàtí kan. Èyí tí omi bá ń sáré gba inú rẹ̀ kọjá, fífọ́ ni wọ́n ń fọ́ ọ, wọn kì í tà á. Ọ̀gbẹ́ni Ron Rivera, tí ẹgbẹ́ rẹ̀ ń jẹ́ Potters for Peace, ló gbé iṣẹ́ yìí lọ sí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè. Kódà, ó wá sí Nàìjíríà láti dá irú ilé iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀, ibà tó sì kó níbí ló pa á ní ọdún 2008.

Ìlú wo ló wá mọ amọ̀ ju Ìlọrin lọ? Ní Dáda, ní Òkèlele, àwọn ìyá wa ń mọ ìkòkò láti ìran dé ìran, ọwọ́ lásán ni wọ́n fi ń mọ ọ́n, àmù tí wọ́n sì ń mọ ṣì wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ọ̀pọ̀ ilé. Lẹ́búlẹ́bú pákó, òkìtì òkìtì ni àwọn onísọ́mìì ń dáná sun ún. Èèpo ìrẹsì ń bọ̀ láti Pàtígí. Ohun tó kù kì í ṣe kékeré, n kò sì ní fi bò. Iná gbangba ni àwọn amọ̀kòkò wa fi ń sun iṣẹ́ wọn, pẹ̀lú igi àti koríko, iná yẹn kì í sì í mú gbogbo ìkòkò dọ́gba, nígbà tó jẹ́ pé ìkòkò asẹ́mi nílò iná tó gbóná déédé, tó sún mọ́ ìwọ̀n 900 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Nítorí náà, wọ́n nílò ààrò alámọ̀ tó ní ìbòrí, wọ́n nílò ẹ̀rọ ìtẹ̀kòkò, wọ́n sì nílò ẹni tí yóò máa yẹ omi tó jáde wò. Àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ iṣẹ́ àgbẹ̀ fún ìjọba àpapọ̀ wà ní Ìdófìàn, kò jìnnà sí Ìlọrin. Ẹ̀rọ ìtẹ̀kòkò kò lè le fún wọn. Yàrá àyẹ̀wò wà ní Yunifásítì Ìlọrin. Ààrò kan ṣoṣo, tí ìjọba bá kọ́ ọ sí Òkèlele fún ẹgbẹ́ àwọn amọ̀kòkò, owó rẹ̀ kò lè tó ti bọ́hòlù bíi mélòó kan tí a ti kọ orúkọ olóṣèlú sí lára.

Ìkòkò yìí náà ní ibi tó mọ. Àwọn kòkòrò àrùn kan kéré ju ihò rẹ̀ lọ, nítorí náà mo fara mọ́ kí wọ́n ṣì fi bílíìṣì díẹ̀ sí omi tó jáde nígbà tí onígbáméjì bá wà nílùú. Búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ àti omi tó mọ́ ni wọ́n fi ń fọ̀ ọ́ bí kò bá sẹ́ dáadáa mọ́, wọn kì í fi ọṣẹ fọ̀ ọ́. Ó sì lè fọ́, bí gbogbo ìkòkò.

Ọ̀nà yòówù kí a fi tọ́jú omi, ife lè ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Mo ti rí i nínú ọ̀pọ̀ ilé: omi sísè wà nínú àmù, ó mọ́, ó tutù, ọmọ kékeré kan ti ibi eré dé, ó ṣí ìdérí, ó ki ife bọ̀ ọ́ tòun ti ìka mẹ́rin àti ọrùn ọwọ́, ó mu, ó da èyí tó kù padà sínú àmù. Kẹ́ẹ̀gì tí ẹnu rẹ̀ kéré, tàbí ike tó ní ẹnu ẹ̀rọ, ló yẹ kí omi mímu máa gbé. Ẹni tó bá fẹ́ràn àmù, kí ó ra ife onígi gígùn fún un, kí ó sì gbé e kọ́ sókè níbi tí ọwọ́ ọmọ kò tó.

Mo gbọ́dọ̀ sọ ohun tí gbogbo èyí kò lè wò. Náítírétì, èròjà kan tó ń ti ṣáláńgá àti ajílẹ̀ wọ inú kànga, bílíìṣì kò kàn án, sísè sì ń mú kó pọ̀ sí i ni, nítorí omi ń gbẹ, òun kò gbẹ. Ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà ni ó léwu fún jù. Ìlànà omi mímu tí Nàìjíríà gbé jáde ní ọdún 2007 sọ pé kò gbọ́dọ̀ ju mílígíráàmù 50 lọ nínú lítà kan, ó sì fi flúóráìdì, èròjà mìíràn tó ń ti inú àpáta wá tó sì ń ba eyín ọmọ jẹ́, sí mílígíráàmù 1.5. Kò sí ojú tó lè rí méjèèjì, àyẹ̀wò nìkan ló lè fi wọ́n hàn. Ti irin rọrùn. Bọ́hòlù tí omi rẹ̀ ń di pupa lẹ́yìn tí wọ́n bù ú, tó sì ń fi àbàwọ́n sára aṣọ, kí wọ́n da omi náà láti inú korobá kan sí èkejì lọ́pọ̀ ìgbà kí atẹ́gùn lè kàn án, kí ó sùn mọ́jú, kí wọ́n sì sẹ́ ẹ gba inú iyanrìn tí a ti fọ̀.

Àwọn kan yóò sọ pé ará oko kò ní ṣe wàhálà tó báyìí lórí omi. Ẹ jẹ́ kí wọ́n rántí sòbìyà. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ ka àwọn tó ní in jákèjádò Nàìjíríà ní ọdún 1988 sí 1989, wọ́n lé ní 650,000, Kwara sì wà lára àwọn ìpínlẹ̀ tó fojú winá rẹ̀. Omi adágún ló ń fa tirẹ̀, kì í ṣe kànga, ṣùgbọ́n inú ilé ni wọ́n ti ṣẹ́gun rẹ̀, pẹ̀lú aṣọ asẹ́ tí wọ́n fi bo ẹnu ìkòkò àti àwọn ọmọ abúlé tí wọ́n ń lọ láti ilé dé ilé láti fi bí wọ́n ṣe ń lò ó hàn. Ọ̀gágun Yakubu Gowon fúnra rẹ̀ kiri abúlé lórí rẹ̀. Ní ọdún 2013, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé sòbìyà ti tán ní Nàìjíríà.

Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún kò pọ̀. Ní ọjọ́ abẹ́rẹ́ àjẹsára, nígbà tí àwọn ìyá ọlọ́mọ bá jókòó sórí bẹ́ǹṣì tí wọ́n ń dúró de nọ́ọ̀sì, kí òṣìṣẹ́ ìlera kan gbé kẹ́ẹ̀gì, ike bílíìṣì àti ṣíbí tíì síwájú wọn, kí ó sì ṣe é kí wọ́n rí i. Kí ìjọba ìpínlẹ̀ pe àwọn amọ̀kòkò Dáda sí ìjókòó lórí ààrò tí mo sọ. Kí iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí omi sì fèsì nínú ìwé ìròyìn yìí kan náà, kí gbogbo wa kà á: bí ará Òkè-Òde tàbí Ìsánlú-Ìsin bá rọ omi kànga rẹ̀ sínú ike lónìí, ibo ni kí ó gbé e lọ fún àyẹ̀wò, ọwọ́ ta ni yóò fi lé, èló sì ni wọn yóò gbà?

Èmi ni tiyín,
Wòléwòlé tó ti fẹ̀yìn tì,
Òmù-Àrán, Ìpínlẹ̀ Kwara.